Ọbẹ̀ Tó Dùn, Ọwọ́ Ló Pa Á

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọmọ tó ń jẹ ẹja mọ̀ ọ́n, ìyá tó ra ẹja náà sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. N kò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ dá yín dúró. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Thamesmead, ní London, ló gbé mi dé ìdí òwe yìí, nítorí òwe náà ló sọ ọ́ di aláìlọ́kọ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 7, ó dàgbà ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì le. Ó rà á ní 1,200 pọ́n-ùn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n nílùú Ọba. Àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn ló ń tà á, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu ú lára. Ohun tí olówó bá ń wá ẹni tó máa bá òun gbé e lọ, inú ìtọ́jú rẹ̀ ni owó wà.

Ṣé ó béèrè? Kò béèrè. Ó wa ọkọ̀ lọ sí máríínà kan tó ń dán gbinrin. Kì í ṣe Màrínà ti Èkó o. Ibùdó ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni mò ń wí, níbi tí afárá ti kàn ọ́ lẹ́sẹ̀, tí iná àti omi ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mítà mítà ni wọ́n fi ń gbowó níbẹ̀, bí ẹni ń ta aṣọ lọ́pàá. Owó ọdún kan lé ní 3,000 pọ́n-ùn! Nígbà tí mo pariwo, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Nígbà tó di ọdún kejì, apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Gbèsè gorí gbèsè, àwọn onímáríínà ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì tà á láti fi gba owó wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Inú bí mi nígbà náà. Ó ṣì ń bí mi.

Ohun tó ń bí mi ni pé nǹkan tó ń wá kò jìnnà sílé rẹ̀. Láti Greenwich sí Erith, lọ sí odò Medway àti Swale ní Kent, tàbí kí ẹ sọdá sí Benfleet àti Leigh ní Essex, títí dé odò Crouch àti Blackwater, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ló wà káàkiri. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ "yacht club" dẹ́rù bà yín. Greenwich Yacht Club, àwọn òṣìṣẹ́ odò Thames ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1908.

Kí ló mú kí owó ọ̀pọ̀ wọn rọjú? Àkọ́kọ́ ni ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ibẹ̀ ń kún tó sì ń fà. Ní Southend ní Essex, nígbà tí oṣù bá lé tàbí tó di àrànmọ́jú, omi lè fà ju mítà 5 lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ afárá ìgbafẹ́ Southend ju kìlómítà 2 lọ: omi ni wọ́n ń lé lọ. Olówó kì í fẹ́ kí ọkọ̀ òun jókòó sínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ sì ni mẹ̀kúnnù ti rí àyè so tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí ẹ ó so ọkọ̀ mọ́ kí ẹ tó ra ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ní ẹsẹ̀ kan gígùn lábẹ́ yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí tí omi bá fà. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lẹ ó wá, irú Westerly Centaur tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 26, tí wọ́n kàn ju 2,000 lọ láàárín 1969 sí 1980. Yóò dúró lórí ẹrẹ̀ bí ìkòkò lórí ààrò. Kí ẹ sì béèrè wákàtí tí ọkọ̀ fi ń léfòó níbẹ̀. Omi ń sún síwájú ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Kò mọ ìgbà tí ìsìn ọjọ́ Àìkú yóò parí.

Ẹ má sì so ọkọ̀ síbi tó wù yín, bí ẹni so ọkọ̀ àjẹ̀ mọ́ òpó ní Ẹ̀pẹ́. Odò Thames ní alákòóso, Port of London Authority, láti ọdún 1909. Ẹgbẹ́ tó ti gba àṣẹ ni kí ẹ rọ̀ mọ́.

Ohun kejì ni ọwọ́. Ní irú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kun afárá, òun ló ń kó ẹrẹ̀, òun náà ló ń din ẹyin fún àwọn tó kù. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, wọn á dáwó háyà kéréènì, wọn á gbé ọkọ̀ gbogbo wọn sómi. Ní oṣù kẹwàá, wọn á gbé wọn jáde. Ọ̀wẹ̀ ni o! Ọ̀wẹ̀ àti àáró tí àwọn bàbá wa fi kọ́lé tí wọ́n fi roko, àwọn òyìnbó Kent ló kù tó ń ṣe é, àwa ọlọ́wẹ̀ wá ń fi káàdì báńkì ṣeré lọ sí máríínà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ẹ má kàn fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì dúró fún àlejò. Ta ni yóò dúró fún ẹni tí kò rí rí? Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi kun ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kí àyè tó yọ. Lọ́dún tó kọjá, owó ẹgbẹ́ àti owó ìsokọ̀ mi papọ̀ kò tó 600 pọ́n-ùn.

N kò sọ pé òwe parọ́ tán. Bó bá jẹ́ orí omi jíjìn ni wọ́n fún yín láyè, ṣéènì tó so ọkọ̀ mọ́ kọnkéré nísàlẹ̀ odò ni ẹ̀mí ọkọ̀. Ibi tó ti ń ha ilẹ̀ ló ti ń jẹ tán, ojú kì í sì í rí i. Ẹ sanwó kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ san ti ìnṣọ́ránsì. Ẹ ra ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ àjẹ̀ tí ẹ ó fi dé ìdí ọkọ̀ ńlá. Níbi mẹ́ta yìí, owó ló ń pa ọbẹ̀. Níbi tó kù, ọwọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi tún ti ń wo ọkọ̀ kiri. Mo ní kó kọ́kọ́ wá bá wa kun afárá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní orúnkún ń dùn òun. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ọkọ̀ títà ló kàn án, kì í ṣe rírà.