Àpótí Ìmọ̀: Ẹsẹ̀ Bàtà Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oríṣi ẹsẹ̀ bàtà méjì ni Amẹ́ríkà ń lò. Ti àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1959, jẹ́ mítà 0.3048 géérégé. Ti àwọn awọnlẹ̀ fi bíńtín gùn jù ú lọ: nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 nínú mílíọ̀nù kan.

Lórí àwòrán yàrá, ta ni yóò rí i? Lórí àwòrán ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ: ní Prince George's County, Maryland, nọ́ńbà ipò ilẹ̀ síhà ìlà-oòrùn nítòsí Upper Marlboro máa ń tó 1,380,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ayàwòrán bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì:

1,380,000 × 2 ÷ 1,000,000 = ẹsẹ̀ bàtà 2.76

Ògiri ọgbà ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò nìyẹn!

Ìjọba àpapọ̀ fòpin sí lílo ẹsẹ̀ bàtà awọnlẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun ní ìparí 2022, ṣùgbọ́n ó ṣì kún inú fáìlì àtijọ́. Nínú AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ààtò tí wọ́n ń pè ní INSUNITS ló ń fi èyí tí fáìlì ń lò hàn: 2 ni ti àgbáyé, 21 ni ti awọnlẹ̀. Kí a tó so fáìlì méjì pọ̀ ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò.