Ọrun ni o, Kì í Ṣe Ọ̀run

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí kíláàsì wa kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ọdẹ. Ọ̀kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ, kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀dẹ̀ náà gbé ọ̀run rẹ̀ lé èjìká, ó sì wọ igbó lọ." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tí ọmọ wa kọ ni pé òmùgọ̀ kan gbé ibùgbé àwọn áńgẹ́lì lé èjìká!

Àmì ohùn ló fà á. Ọdẹ ni ẹni tó ń pa ẹran nínú igbó, ọ̀dẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́n. Ọrun, ohùn àárín lẹ́ẹ̀mejì, ni igi tí a tẹ̀ tí a fi ń ta ọfà. Ọ̀run ni òkè lọ́hùn-ún. Ọrùn ló gbé orí dúró. Oòrùn ló ń ràn lọ́sàn-án, òórùn sì ni imú ń gbọ́. Ẹ kà wọ́n sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó máa bá ìwé yìí lọ. Mò ń dúró dè yín.

Ó dáa. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ní ọrun nílé, kíláàsì dàrú. "Tísà, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ ti pa nǹkan rí?" Mo ti pa. Mo sì ti ṣe é tì. Èyí tí mo ṣe tì gan-an ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Pennsylvania ni à ń gbé, ẹ sì mọ̀ pé àgbọ̀nrín pọ̀ níbí bí ewúrẹ́ ṣe pọ̀ nílé. Àgbọ̀nrín onírù funfun ni ti ibí. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti fi í ṣe ẹranko àmì ìpínlẹ̀ wa. Kì í ṣe ẹran kan náà pẹ̀lú àgbọ̀nrín ti ilẹ̀ Yorùbá o. Ìwo ti ilé kì í já bọ́. Ìwo akọ ti ibí máa ń já bọ́ lọ́dọọdún lẹ́yìn tí ìgbà gígùn bá ti kọjá, á sì tún hù òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó dé ibí rí i, wọ́n ní "àgbọ̀nrín nìyí," orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá tàbí nítòsí rẹ̀ ni ìjọba máa ń ṣí igbó fún àwọn tó ń fi ọrun dẹ, ṣáájú àwọn oníbọn. (Sátidé ni gbogbo ọdẹ ń wọgbó, Sátidé náà ni èmi ń kọ́ yín ní a, b, d. Ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dún mọ́ mi.)

Ọ̀pọ̀ ọdẹ níbí ló ń lo ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lórí lókè àti nísàlẹ̀. Tí o bá fa ìyẹn dé òpin, kẹ̀kẹ́ yẹn á gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ, o lè di í mú fún ìgbà díẹ̀ láìgbọ̀n. Ọrun àtijọ́ kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọrun gígùn tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó lè jẹ́ èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì tún yí padà síwájú, ó sì lè jẹ́ igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, bí o bá ṣe ń fà á ni ó ń wúwo sí i, ìka mẹ́ta péré ló sì ń gba gbogbo rẹ̀.

Ibí ni ẹ̀kọ́ wa wà. Bí ẹ bá wo ara ọrun, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ nǹkan bí 45# @ 28" sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá fà á dé íǹṣì 28, agbára tí a fi fà á á tó pọ́n-ùn 45. Tí apá rẹ bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, íǹṣì kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kún un. Láti mọ ibi tí apá rẹ dé, na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnì kan wọ̀n ọ́ láti ṣóńṣó ìka kan dé ìkejì, kí o wá fi 2.5 pín in. Tèmi jẹ́ íǹṣì 72 àti ààbọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. 29 nìyẹn.

Òfin ìpínlẹ̀ wa ní pọ́n-ùn 35 tó fún àgbọ̀nrín. Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa, àwọn ló kọ́ mi ní ọfà títa, ní kí n ra 45. Mo wo ara mi nínú dígí. Mo ní, èmi ọmọ ọkùnrin, ọmọ Ṣakí, ọmọ ọmọ ọdẹ! Mo lọ ra 60. Pẹ̀lú apá mi tó gùn, ó ti lé ní 62. Nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mò ń fà á. Mò ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń fà á.

Oṣù Kọkànlá dé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gun ègùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ègùn ni àga tí ọdẹ ń so mọ́ orí igi. Awọn tí ẹ bá máa gùn ún lọ́jọ́ iwájú, okùn ààbò gbọ́dọ̀ wà lára yín láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, torí jíjábọ́ láti orí igi ń ṣe ọdẹ léṣe gan-an. Mo jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Ìrì dídì bo koríko, ọwọ́ mi ti kú. Abo àgbọ̀nrín kan jáde, ó dúró sí yáàdì 18, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Mo fa ọrun. Kò dé ibi tó yẹ kó dé. Èjìká mi ń gbọ̀n bí ewé, ìka mi sì yọ.

Ọfà náà bà á lẹ́yìn, ní itan, kì í ṣe ní àyà níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Ó sá lọ.

Mo pe bàbá náà. A dúró kí a tó tọ̀ ọ́, torí ẹran tí a bá ń lé kì í dúró. Lẹ́yìn náà a tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ewé kan sí èkejì, títí dé etí odò kékeré kan. Ibẹ̀ ló ti parẹ́. A padà lọ lọ́jọ́ kejì. A ò rí i. Bàbá náà ò bú mi, wọn ò sọ nǹkan kan nínú ọkọ̀ títí a fi délé, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pe bàbá mi ní Ṣakí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹ wá a?"

"A wá a, sà, ọjọ́ méjì."

"Ọrun tó wúwo yẹn, ta ló yàn án fún ọ?"

"Èmi ni, sà."

"Hẹ̀n-ẹn."

Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa ọrun náà, torí ìbọn ṣakabùlà ni bàbá tiwọn fi ń dẹ. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ọsán ni okùn ọrun. Kì í ṣe ọ̀sán tí a ń jẹun, kì í ṣe ọsàn tí a ń bó mu. Ẹ gbọ́ òwe rẹ̀: ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọrun tí kò ní ọsán, igi lásán ni. Apó ni ohun tí ọfà ń wà nínú rẹ̀, àpò ni ti owó. Ẹni tó mọ ọfà ta ni tafàtafà.

Mo ta ọrun 60 yẹn. Mo ra 45, èyí tó jẹ́ bí 48 lọ́wọ́ mi, mo sì tún gbogbo nǹkan tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọfà ni mo lo àkókò lé lórí jù. Ọfà kì í lọ tààrà bí ẹ ṣe rò. Tí ọsán bá ti tì í, igi rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀, á yí ara ọrun kọjá, kó tó nà padà. Nítorí náà líle igi ọfà gbọ́dọ̀ bá agbára ọrun mu. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà, tí mo bá ta ọfà tí kò ní ìyẹ́, tó ń lọ sí òsì, ó le jù. Tó bá ń lọ sí ọ̀tún, ó rọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dán an wò. Igi kédárì ni mo yàn, mo lẹ ìyẹ́ tòlótòló mẹ́ta mẹ́ta mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ọdẹ ní kí ọfà wúwo tó grain 10 fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ọrun ní. Tèmi lé díẹ̀ ní 480. Ọfà tó wúwo kì í yára, ṣùgbọ́n ó ń wọlé, ọrun kì í sì í pariwo. Orí ọfà jẹ́ irin olójú méjì, mo pọ́n ọn títí ó fi ń fá irun ọwọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kan irú rẹ̀ láéláé.

Ariwo ṣe pàtàkì o. Àgbọ̀nrín á gbọ́ ọsán kí ọfà tó dé, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti sá, ọfà á sì fò ó kọjá. Nítorí náà mo so òwú ìrun àgùntàn méjì mọ́ ọsán, ó gbé ohùn rẹ̀ mì. Mo sì fi ìda pa á. Ohun kan tún wà: ẹ má fa ọrun kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà nínú rẹ̀. Àbúrò mi kan ṣe é rí nínú pálọ̀ mi, apá ọrun náà sán pátápátá.

Ìtàn kékeré kan kí a tó parí. Ní ọdún 1911, ọkùnrin kan jáde láti inú igbó ní Oroville, ní California. Ìran Yahi ni, òyìnbó ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ run, òun nìkan ló kù. Ishi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "ènìyàn" ní èdè rẹ̀, torí kò sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún wọn. Dókítà kan, Saxton Pope, bá a ṣọ̀rẹ́, Ishi sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi igi junipa gbẹ́ ọrun tí a sì ń lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ishi kú ní 1916. Pope kọ ìwé rẹ̀ nípa ọrun àti ọfà jáde ní 1923, ìwé náà sì ta ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà jí sí ọrun àtijọ́. Mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ tó bá Ishi lọ. Tiwa kò tíì lọ. Kódà ní Brazil, àwọn tí kò sọ Yorùbá nílé mọ́ ṣì ń pe ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní "ofá".

Lọ́dún tó kọjá, mo padà sórí ègùn pẹ̀lú ọrun 45. Akọ kan wá sí yáàdì 30, ìwo rẹ̀ dà bí ẹ̀ka igi. Mo lè tà á kàn án nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé. Mo jẹ́ kó lọ, torí yáàdì 20 ni mo ti búra fún ara mi. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, abo kan dúró sí 14. Ọrun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láìgbọ̀n. Kò rìn tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ kó tó ṣubú. Bàbá òyìnbó gba itan kan, ìyàwó mi fi èyí tó kù se ọbẹ̀ ata, ìgbákejì tísà kíláàsì kejì jẹ abọ́ mẹ́ta, kó má wò mí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ wọn apá ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ fi 2.5 pín in. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí ọrun, ọrùn àti ọ̀run máa wà nínú rẹ̀, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Kí ẹ sì pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lórí fóònù, ẹ bi wọ́n ohun tí àwọn ọdẹ ìlú wọn fi ń dẹ. Kí ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè o.