Ilé-ìwé wo ni kí ọmọ wa lọ?

Ìbéèrè: Ilé-ìwé ìjọba ni mo lọ, ti aládàáni ni ìyàwó mi lọ. Ibi tí àkọ́bí wa máa lọ ti dìjà. Kí ni ká ṣe? — Bàbá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, sà. Ojú ilé tí wọ́n ti tọ́ kálukú ló fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti 1955 sọ di ilé alákọ̀wé kì í fojú tín-ín-rín ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ ẹni tó ta aṣọ sanwó ilé-ìwé lè gbà pé ibi tó wọ́n ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ jọ lọ wo ilé-ìwé méjèèjì lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ ka iye ọmọ inú kíláàsì. Ẹ ṣí ìwé wọn wò bóyá tíṣà ń máàkì í. Owó ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣírò, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Bí ọmọ ò bá tètè sọ̀rọ̀ tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kẹ́ ẹ tó yan ilé-ìwé.