Ọlọ́dẹ Tí Ẹ̀rọ Àgbà Lè Bọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní kí n bá yín wá antivirus tí kò wúwo sórí kọ̀ǹpútà ilé yín, èyí tí bàbá yín rà ní tòkunbọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Onitsha níbí. Láti Fegge títí dé Ọjà Ńlá, kò sí irú láptọ́ọ̀pù àgbà tí wọn kò tíì gbé síwájú mi: èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti jábọ́, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú bí àkàrà, èyí tó ń gbóná débi pé èèyàn lè yan àgbàdo lórí rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹrù tí ẹ̀rọ náà lè rù. RAM rẹ̀ tó mélòó? Windows wo ló wà lórí rẹ̀? Ṣé háàdì dísìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, àbí SSD? Microsoft ní gíìgì 2 ló kéré jù tí Windows 10 irú 64-bit lè lò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lò ó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ojú òun rí. Antivirus yòówù tí ẹ bá gbé wọ ibẹ̀, inú àwo kan náà ni òun àti Windows yóò ti máa jẹun. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́, RAM àti SSD ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra antivirus. Mo ti rí ẹ̀rọ tí gbogbo ará ilé ti pè ní òkú, tó jí lọ́jọ́ tí a ki SSD bọ̀ ọ́ nínú.

2. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni Microsoft ti fi ọlọ́dẹ tirẹ̀ sínú ilé. Defender lorúkọ rẹ̀. Kò gba owó oṣù, kì í sì í yọ lójú yín lálaalẹ́ pé kí ẹ wá san àsansílẹ̀. Wọn á sọ fún yín pé kò lágbára. Òótọ́ ni nígbà kan, ọ̀rọ̀ náà ti di ti àtijọ́. Ní ilé àyẹ̀wò AV-TEST ní Magdeburg, nílẹ̀ Jámánì, ó ti gba àmì 6 nínú 6 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú ilé wò, ẹ̀rọ àgbà á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wọ Task Scheduler, kí ẹ fi àyẹ̀wò náà sí àkókò tí ẹ kì í ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí iná sábà máa ń wà, bí irú àkókò bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín.

3. Ẹ má ṣe gba ọlọ́dẹ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan. Olè ni wọn yóò pe ara wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi. Bó bá tàn án láàárọ̀, á jẹ àkàrà òun ògì tán kí ojú ẹ̀rọ náà tó là. Antivirus mẹ́ta ni mo bá nínú rẹ̀. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ ẹni tó tà á fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀kan sí i, òun fúnra rẹ̀ sì fi ìkẹta sí i nítorí pé ẹ̀rọ náà ń falẹ̀! Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo jẹ́ kí Defender dìde. Nígbà tó bi mí pé èló ni oògùn tí mo lò, mo ní yíyọ ni mo yọ, n kò fi nǹkan kan sí i. Kò gbà mí gbọ́ títí tó fi lọ. Ẹ rántí pé Defender máa ń yẹra fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé òmíràn wọlé. Àwọn tó kù kì í yẹra fún ara wọn.

4. Ọ̀fẹ́ kò burú, àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Lọ́dún 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà ní kí Avast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe antivirus, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí pé ó kó ìtàn ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tà á nípasẹ̀ Jumpshot, ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé láti 2020.

5. Ẹ fi ojú yín wọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ojú ìwé tó ń fi iye RAM tó ń lọ hàn lè ṣí. Ẹ kọ iye RAM tó ti lọ sínú ìwé. Ẹ gbé antivirus kan ṣoṣo sí i, kí ẹ tún bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ẹ sì máa wo iye dátà tó ń mu lójúmọ́. ESET ti ilẹ̀ Slovakia fúyẹ́ lójú tèmi, ṣùgbọ́n owó ni. Èyí tó bá dá ẹ̀rọ dúró gbagidi, ẹ yọ ọ́ kíá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

6. Ibí yìí ló le jù. Microsoft pa ìtọ́jú Windows 7 tì ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020, ó sì pa ti Windows 10 tì ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Wọ́n ní àwọn á ṣì máa fi orúkọ àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun ránṣẹ́ sí Defender orí Windows 10 títí di oṣù kẹwàá 2028. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá lanu, kí ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà fẹ́ ṣe? Oṣù kẹta 2017 ni Microsoft ti dí ihò tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Àwọn tí kò gba àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ wọn ló kó sí i. Bó bá jẹ́ Windows 7 ló wà lórí ti yín, ẹ má wá antivirus kankan fún un. Ẹ fi Linux Mint irú Xfce rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ẹ máa fi tẹ ìwé. Ẹ̀rọ àgbà kì í ṣe ohun ìjùnù. Afárá Odò Ọya tó wọ Onitsha, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ogun abẹ́lé bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó ṣì ń ru ọkọ̀ dòní. Síbẹ̀, ìjọba kọ́ èkejì, wọ́n sì ṣí i ní 2023, kí gbogbo ẹrù má baà máa wà lórí àgbà nìkan.

7. Fláàṣì. Ẹ gbé e lọ sí ilé atẹ̀wé láti tẹ ìwé kan ṣoṣo, ẹ gbé e dé, gbogbo fódà yín ti di shortcut. Ẹ jẹ́ kí Defender yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣí i. Ní ti antivirus olówó tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kó fúnni lórí fláàṣì, ọwọ́ olè lẹ ti ń ra àgádágodo yẹn.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tó fi RAM àti Windows kọ̀ǹpútà yín hàn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan títí tí mo fi máa pè yín.