Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtọ́jú Ehín

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, àṣírí tú ní ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ehín Yunifásítì Dalhousie ní Kánádà. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin 13 wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Facebook, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn obìnrin kíláàsì wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ìbálòpọ̀, tí wọ́n tún ń fi oògùn akunnilóorun ṣàwàdà. Àwọn tí aláìsàn máa yanu fún lọ́la nìyẹn o!

Yunifásítì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin náà má ṣe tọ́jú aláìsàn mọ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn obìnrin kan gbà láti bá wọn jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà níbi ìlàjà, ṣùgbọ́n mẹ́rin mìíràn kọ lẹ́tà láìdárúkọ pé ṣe ni yunifásítì ń ti àwọn síbi ìlàjà náà.

Ìdí tí wọn kò fi dárúkọ kò ṣòroó mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbẹ́ ihò ehín tán, yóò dúró ti aláìsàn títí olùkọ́ yóò fi wò ó, kó tó buwọ́ lùwé. Láìsí ìbuwọ́lùwé olùkọ́, kò sí ìwé ẹ̀rí; nítorí náà, ẹ̀rù lè ba ẹni tó bá fẹ́ tako ilé ẹ̀kọ́.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fìtínà tètè kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ àti orúkọ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Kí ẹni tó bá sì rí irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ má ṣe dákẹ́ torí pé òun kọ́ ni wọ́n bú.