Ẹ̀tọ́ Tí Ojú Ní Lórí Ẹni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó fi oorun ṣe ìsinmi fún ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn ọmọ wa tí ń kàwé mọ́jú ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Bí ìdánwò bá dé, obì àti kófí ni wọ́n fi ń lé oorun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo hóró oògùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń ta, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kò sì yé wọn mọ́. Nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ẹ̀kọ́ ojúmọ́ pamọ́. Ẹni tí kò sùn tó, ìbínú rẹ̀ a yá, ìbànújẹ́ a sì tètè borí rẹ̀.

Sàhábé Abdullah ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Ànábì kọ̀ ọ́ fún un, ó jẹ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀, ojú rẹ̀ àti aya rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí ìjọsìn kò bá gbọdọ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ojú mọ́lẹ̀, kí ni ti fóònù tí a ń tẹ̀ títí di aago méjì òru? Kí ni ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn òde àríyá? (A kò yọ ti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀.)

Èyí tó ká wa lára jù ni pé bí ọmọ bá lo òru mẹ́ta láìsùn, tó ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tó ń ní ayé sú òun, àwọn òbí a ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ìtìjú a mú kí wọ́n fi í pamọ́, ọ̀sẹ̀ a gorí ọ̀sẹ̀. A kò kọ adúà, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Ànábì pàṣẹ pé kí a wá ìtọ́jú. Ẹ má dì í lókùn, ẹ má nà án, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní UCH n'Ìbàdàn àti ní Aro. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wá bá wa lẹ́yìn ìrun.