Ọwọ́ Ọmọdé àti Pẹpẹ Àgbà: Ìmọ̀ràn lórí Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Kéékèèké Nínú Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fi òwe yìí parí aáwọ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí kí wọ́n fi rán àgbà létí pé òun náà yóò bẹ ọmọdé níṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka orí iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ kéékèèké lè ṣe nínú ilé, òwe náà di ìlànà gan-an, nítorí pé ó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, ìyẹn ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí ẹlẹ́nu ṣóńṣó, omi gbígbóná àti iná, ti àgbà ni. Ohun tí ó wà nínú kèrègbè, ìyẹn kíkùn, pípò, lílẹ̀ àti yíyan àwọ̀, ti ọmọdé ni. Ilé tí àgbà bá ti ṣe apá méjèèjì, ọmọ ibẹ̀ ti di òǹwòran. Ilé tí a bá sì ti fi méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ, ewu ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó yẹ kí a yanjú kí àlàyé tó jinlẹ̀. Ọnà ni àrà tí a dá sí ara nǹkan kí ó lè dùn ún wò, yálà igbá ni tàbí aṣọ tàbí ògiri; iṣẹ́ ọwọ́ ní tirẹ̀ ni ohun tí a fi ọwọ́ ṣe fún ìlò, bí ẹní, apẹ̀rẹ̀ àti ìkòkò. Ààlà tí ó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀ nínú ilé Yorùbá, nítorí pé ẹni tí ó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ń tọ́jú ohun tí a ó fi bu oúnjẹ, ó sì ń dá ọnà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọmọdé rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ń pò amọ̀ kò béèrè bóyá ọnà ni òun ń ṣe tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìka rẹ̀ ni ó ń kọ́ ní agbára tí yóò fi di pẹ́ńsù mú, tí yóò fi de bọ́tìnì, tí yóò sì fi so okùn bàtà. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837, ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kọ́ gidi, ó sì fi bébà kíká, bébà híhun bí ẹní, amọ̀ àti àwòrán yíyà kún ohun tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ amọ̀kòkò tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, tí ìyá sì já amọ̀ díẹ̀ fún kí ó máa fi mọ ìkòkò tirẹ̀, ń gba ẹ̀kọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ibẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà sì ni ó yẹ kí òbí wò kí ó tó yan iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé láìsí ọ̀dà olówó gọbọi láti ilé ìtajà, iṣẹ́ ọnà kò lè bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa sún un síwájú títí ọmọ yóò fi dàgbà kọjá ìgbà tí ó ń wù ú. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé kan ń dà sí ààtàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó iṣẹ́ oṣù kan: páálí bisikíìtì, ìwé ìròyìn àtijọ́, agolo, ìdérí ike, háríhá àgbàdo, ìyẹ́ adìyẹ, àlòkù aṣọ funfun. Nígbà tí ayàwòrán Aina Onabolu ń jà kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lè fìdí múlẹ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó lẹ́yìn ọdún 1920, àwòrán yíyà ní ìlànà ti Òyìnbó ni ó tẹnu mọ́. Kenneth Murray, olùkọ́ ọnà tí ó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927 nítorí ìjà yìí kan náà, fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ara iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun èlò ìlú wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre, ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà Murray ni ó yá jù. Àwọn ọmọ àná tí wọ́n fi agolo sadíìnì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, tí wọ́n sì so okùn mọ́ ọn níwájú, ti ronú nípa ibi tí ó yẹ kí ihò wà kí táyà lè yí, àti bí ọkọ̀ kò ṣe ní dojú dé. Kò sí ohun ìṣeré tí a rà tán pátápátá tí ó ń bi ọmọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Gọ́ọ̀mù pàápàá kò di dandan kí a rà. Ṣíbí 2 sítáàṣì, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ó máa ń sílẹ̀ sábẹ́ omi pákí, ni a ó fi omi tútù díẹ̀ pò, tí àgbà yóò sì máa da omi tí ń hó lé e lórí bí ó ti ń rò ó, títí yóò fi kì tí ojú rẹ̀ yóò sì dán. Bí ó bá ti tutù, yóò lẹ bébà mọ́ páálí dáadáa. Kí a má ṣe se é púpọ̀, nítorí pé kì í pẹ́ kan.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ lè fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó tọ́ kí a dúró lé lórí ni ti àbẹ́là, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ọgbọ́n àdìrẹ sì wà nínú rẹ̀. Àdìrẹ, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ni aṣọ tí a dì tí a sì rẹ sínú aró: ibi tí a bá dì kì í gba aró, ibẹ̀ ni ọnà yóò ti yọ. Nínú àdìrẹ oníko, ìko ni a fi ń so aṣọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn fi lókìkí, ẹ̀kọ tí a fi pákí ṣe ni a ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn sí ara aṣọ kí ó tó wọ inú ìkòkò aró. Nínú kámpálà, ìda ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọgbọ́n yìí, kí a fún un ní bébà funfun kan àti èékù àbẹ́là funfun tí a kò tàn, kí ó fi ya ohun tí ó bá wù ú, kí ó sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa. Bébà náà yóò dà bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọ mìíràn a gbé e sún mọ́ ojú, a fi ìka pa á lára, a ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Nígbà náà ni kí ó ki òwú bọ inú àwọ̀ tí ó ṣàn, kí ó sì fi kun bébà náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Omi yóò sá fún ìda, yóò kó jọ ní wóró-wóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ohun tí ó fara pamọ́ yóò sì yọ ní funfun láàárín àwọ̀. Àgbà kò gbọdọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹnu tí ó bá tú àṣírí yẹn ti gba ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ.

Àwọ̀ tí a ó fi kùn ún kò jìnnà sí ilé ìdáná. Kí àgbà rẹ ìṣápá pupa gbígbẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sóbò, sínú omi gbígbóná, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì pín in sí abọ́ 3. Àkọ́kọ́ yóò wà bí ó ṣe wà. Kí ọmọ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, kí ó sì da omi tí a ti yọ́ káún díẹ̀ sí sínú ẹ̀kẹta. Èkejì yóò tàn yòò sí i, ẹ̀kẹta yóò sì fi pupa sílẹ̀, yóò ṣí lọ sí àwọ̀ aró tàbí ti ewéko tí ó ṣókùnkùn. Ìdí ni pé èròjà tí ó fún ìṣápá ní àwọ̀ máa ń yí padà bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ bá ṣe kan tó; ọsàn wẹ́wẹ́ ń mú un kan sí i, káún sì ń pa kíkan náà. Báyìí ni ọmọ ṣe rí àwọ̀ mẹ́ta nínú ìkòkò kan. Atalẹ̀ pupa yóò fún un ní àwọ̀ ìyeyè, èédú tí a lọ̀ kúnná tí a sì pò mọ́ sítáàṣì yóò fún un ní dúdú. Òótọ́ ni pé àwọ̀ inú ilé wọ̀nyí máa ń ṣá bí oòrùn bá ń pa wọ́n, wọ́n sì máa ń ba aṣọ jẹ́, nítorí náà àlòkù aṣọ ni kí a wọ̀ fún ọmọ.

Fún mímọ, ife fùláwà 2, ife iyọ̀ 1 àti nǹkan bí ife omi 1 tí a ń dà sí i díẹ̀díẹ̀ yóò di ìṣù tí ó rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko; ọmọ tí ó bá ń yí ìṣù yìí láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì yóò kọ́ òwe náà láìjẹ́ pé a pa á, nítorí pé bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò pẹlẹbẹ, bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní ṣù. Bí ó bá ti ṣù ú ní róbótó-róbótó, kí ó fi ìgbálẹ̀ ẹyọ kan lu ú já, kí a sá a fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó kùn ún, kí ó sì sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ohun tí ó gbẹ kanrankanran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rọ̀ padà nígbà òjò. Iyọ̀ yìí pọ̀ jù fún ikùn ọmọ. Ẹni tí ó ṣì ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu kò tíì tó iṣẹ́ yìí ṣe. Bí fùláwà bá sì wọ́n, kí a lo amọ̀ tí a ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò.

Àwòrán yíyà ni àgbà ti máa ń ṣì í ṣe jù. Láti nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni ọmọ ti ń fa ìlà jágbajàgba. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó lè fa ìlà yípo kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ pàdé. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí òbìrí náà yóò fi di orí ènìyàn, tí ojú méjì wà nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjì sì yọ lábẹ́ rẹ̀ láìsí àyà, láìsí ikùn. Rhoda Kellogg, ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwòrán àwọn ọmọdé jọ kí ó tó gbé ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1969, rí i pé àwọn ọmọ oríṣiríṣi ilẹ̀ ni ó ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá. Àgbà tí ó bá gba pẹ́ńsù láti fi àyà kún un ti já ọmọ gbà kúrò lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá sì ń ráhùn pé orí ti tóbi jù, kí ó lọ wo ère ìbejì dáadáa, nínú èyí tí orí sábà máa ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gíga ère, nítorí pé orí ni Yorùbá gbà pé ó ń gbé ẹni. Kì í ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ohun tí agbẹ́gilére mọ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó gbẹ́ ère ìbejì kò ní kí ó rí bíi fọ́tò.

Ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, nítorí náà dípò kí àgbà béèrè pé, "Kí nìyí?", ó sàn kí ó ní, "Sọ̀rọ̀ àwòrán rẹ fún mi", kí ó sì gbọ́ títí dé òpin. Kò sì yẹ kí ó fún ọmọ ní àwòrán tí yóò dà kọ. Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier gbé ọ̀dà síwájú àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, kò fún wọn ní àwòrán tí wọn yóò dà kọ. Lára wọn ni Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jimoh Buraimoh, tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán bí ẹlòmíràn ti ń fi ọ̀dà ṣe é.

Nípa ti pẹpẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n kò gba àwàdà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnì, ẹ̀wà tàbí bátìrì aago pẹlẹbẹ ṣeré. Ẹ̀wà tí ó bá wọ imú máa ń wú nítorí ọ̀rinrin, bátìrì tí ọmọ bá gbé mì sì lè dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Etí agolo máa ń gé ọwọ́. Àgbà ni yóò fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun, ṣíṣa bébà ilẹ̀ àti fífọ abọ́ àwọ̀ sì jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà gẹ́gẹ́ bí kíkùn ti jẹ́. Kí a tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì jáwọ́ nígbà tí ó ṣì ń wu ọmọ. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ogún ìṣẹ́jú ti tó. Bí iṣẹ́ náà bá ti gbẹ, kí òbí fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ó ṣe é àti ohun tí ó sọ pé òun yà sí ẹ̀yìn bébà náà, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ gan-an, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ibi tí ojú ọmọ tó.